Ìbéèrè Kan Ṣoṣo Tí Lọ́yà Tihomir Bi Kum Rẹ̀

Láti àárọ̀ ni Tihomir ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Rosanda ìyàwó rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ó ń to sarma rẹ̀, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé, sínú ìkòkò. Ọjọ́ Dimitrije Mímọ́ ni, ọjọ́ ẹni-mímọ́ tí ìdílé wọn ti ń ṣe láti ayé bàbá-ńlá wọn. Ní Valjevo ìlú wọn, a kì í pe ẹnikẹ́ni wá sí irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá tẹ́lẹ̀ á tún wá. Tí kò bá wá mọ́, òun àti onílé ti parí nìyẹn, kò sí pé à ń bára wa sọ ọ́.

Ohun tó ń já Tihomir láyà nìyẹn. Bí Vidoje kò bá wá lónìí, kum rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Vidoje ló dúró tì í níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tó gbé Rosanda níyàwó, òun náà ló gbé Jelena ọmọ wọn dání lọ́jọ́ ìsàmì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kum, àwọn méjèèjì sì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè bá àbúrò rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títí dé kóòtù, kí àwọn ará ìlú kàn mi orí. Ṣùgbọ́n kum kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣẹjọ́. Tihomir bá tirẹ̀ ṣẹjọ́, ó sì tún jàre.

Wọn ò bí i ní ọ̀dájú o, ká má parọ́ mọ́ ọn. Kó tó di lọ́yà, iṣẹ́ ìjọba ló ṣe, òun ni wọ́n ń rán lọ yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ wò, bóyá wọ́n ń tọ́jú òṣìṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tó bá ti wọlé báyìí, àwọn ọ̀gá á máa làágùn. Ó ti ti ilé ìlapákó kan pa rí nítorí pé ẹ̀rọ ibẹ̀ kò ní ìbòrí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ra ọtí fún un títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló ti kọ́ ọgbọ́n kan: bi èèyàn ní ìbéèrè kan, kí o sì panu mọ́. Má fi ọ̀rọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn á ni í lára, á sì sọ òtítọ́ kó lè bọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí Belgrade, ó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba, ó ń bá wọn kọ òfin iṣẹ́. Owó oṣù ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ó padà sílé, ó ṣí ọ́fíìsì lọ́yà, àwọn ọ̀gá tó ń làágùn nígbà kan sì di oníbàárà rẹ̀.

Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àga àti tábìlì, ibẹ̀ náà sì ni Vidoje ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Pákó já lu Vidoje lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà kò sì padà bọ̀ sípò. Ó ní kí wọ́n san owó ìtọ́jú òun. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, wọ́n sì fa ẹjọ́ náà lé Tihomir lọ́wọ́.

Ó yẹ kó ní òun ò ṣe. Dípò ìyẹn, ó wakọ̀ lọ bá Vidoje nílé.

"Kum, fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ó sàn kó jẹ́ èmi ni ju kí wọ́n lọ mú ìkookò lọ́yà kan wá láti Belgrade. Màá bá ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀, a ó yanjú ẹ̀ níta."

"Ìwọ lo mọ ìwé," Vidoje dá a lóhùn. "Bí o bá ti ní ó dáa, ó dáa."

Ọ̀gá náà kò fẹ́ kí wọ́n yanjú nǹkan kan níta. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fì sí ọ̀dọ̀ Vidoje, ọ̀gá sì sọ ọ́ ketekete pé lọ́yà tó bá pàdánù èyí kò ní rí iṣẹ́ òun mọ́. Ìgbà yẹn ni Tihomir rántí ọdún Dimitrije tó kọjá. Vidoje wà nídìí tábìlì yìí kan náà, bẹ́líìtì ẹ̀yìn wà lára rẹ̀, ó ń da ọtí èso plọ́ọ̀mù tó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn sí ife gbogbo wọn.

"Dókítà ní kí n gba ìsinmi, kí n sùn gbalaja," ó ń pariwo, "èmi wà lórí igi plọ́ọ̀mù! Ẹ mu, ẹ mu! Ẹ̀yìn mi lẹ ń mu yẹn!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Tihomir rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Nítorí ọdún rẹ̀ ni Vidoje ṣe gun igi, Tihomir ló sì mu ọtí náà jù.

Ní kóòtù, Tihomir dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gbẹ́ni Vidoje, níbo lẹ wà ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹ gba ìsinmi àìsàn?"

Ó sì panu mọ́.

Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí fọ́tò. Bí Vidoje bá ní orí ibùsùn lòun wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Vidoje kàn ń wo Tihomir kum rẹ̀.

"Mo wà lórí igi plọ́ọ̀mù," ló wí níkẹyìn. "Mo ń ká èso. Lẹ́yìn náà, mo pọn ọtí."

Adájọ́ yíjú sí akọ̀wé, ó pe ohun tí yóò kọ sílẹ̀ fún un: "Olùpẹ̀jọ́ jẹ́wọ́ pé òun ṣe iṣẹ́ agbára nígbà ìsinmi àìsàn." Ó wá bi Vidoje pé, "Ṣé fún títà ni?"

"Rárá, mà. Mo pọn ọ́n fún ẹnì kan ni."

"Ta ni?"

"Ìyẹn ò kan ẹjọ́ yìí."

Tihomir ń wo tábìlì. Ó mọ̀ pé orúkọ òun ni Vidoje gbé mì yẹn. Bó bá dá orúkọ náà, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti lé lọ́yà kúrò nínú ẹjọ́. Ojú tì í, síbẹ̀ ó kó ìwé rẹ̀, ó sì bọ ọ̀gá lọ́wọ́ níta.

Lọ́jọ́ ọdún yìí, wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ fún àlejò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Vidoje ni. Ara gbogbo ilé rọ̀. Ó fi ẹnu kan Tihomir lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó bu síbí kan jẹ nínú àlìkámà sísè tí wọ́n fi ń ṣe ọdún náà, ó wá na láílọ́ọ̀nù kan tí ìgò ọtí wà nínú rẹ̀ sí Tihomir.

"Ẹ kú ọdún, onílé. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á lọ́dún yìí. Rìsíìtì ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mu ún, má bẹ̀rù, kò sí aláìsàn kankan nínú ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò fojú sí. Vidoje jókòó sí àyè rẹ̀. Onílé kì í jókòó lọ́jọ́ ẹni-mímọ́ rẹ̀, ìdúró ló fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, nítorí náà ẹ̀yìn kum rẹ̀ gan-an ni Tihomir dúró sí tó ń da ọtí. Ó wá nǹkan tí yóò sọ títí, èyí tí kò yẹ ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yìn ńkọ́, kum?"

Vidoje yíjú sókè. "Ṣé kum ló ń bi mí ni, àbí lọ́yà?"

Bàbá Obren, àbúrò bàbá Tihomir, bú sẹ́rìn-ín, nígbà tó rí i pé òun nìkan ni, ó fi búrẹ́dì dí ẹnu ara rẹ̀. Radenko tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ọmọ mi tó wà ní Jámánì, ẹ ò gbọ́ ohun tó ṣe! Kò níwèé àṣẹ iṣẹ́, kò ní kí ni, ó kàn lọ bá ọ̀gá kan..." Ojú rẹ̀ bá ti Tihomir pàdé. "Ó wà dáadáa. Ó ní kí n kí yín."

Wọ́n jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò.

Vidoje kò pẹ́. Tihomir sìn ín dé ibi tí wọ́n ń fi ẹ̀wù òtútù kọ́, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wọn.

"Kum, àyè ṣì wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kum rẹ ni mí, pé ìdí tábìlì mi ni mo ti gbọ́ ọ, pé èmi ni mo mu ọtí yẹn. Wọ́n á fagi lé ìdájọ́ náà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ mi. Kí wọ́n gbà á."

Vidoje kàn ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì ni Tihomir lára.

"Ìbéèrè yẹn kò ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi," ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Mo rò ó lóru ọjọ́ méjì. Mo mọ̀ pé o ò ní parọ́ lójú mi, ohun tí mo gbọ́kàn lé nìyẹn."

"Mo mọ̀," ni Vidoje wí. "Ṣé o wá fẹ́ kí èmi náà lọ tú ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì rẹ fún adájọ́? Ẹnì kan nínú àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ bò ó."

"Èmi á kọ ọ́ fúnra mi nígbà náà."

"Bí wọ́n bá pè mí, màá ní irọ́ ni. Màá ní mi ò pọn nǹkan kan fún ẹ rí. Mi ò parọ́ ní kóòtù rí, Tihomir. Tìtorí ẹ ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀."

Ó dé fìlà rẹ̀. "Ó di ọdún tó ń bọ̀, kum." Ó sì jáde.

Rosanda pè é láti inú ilé pé ife àlejò ti gbẹ. Tihomir wọlé, ó gbé ìgò ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń dà á káàkiri. Wọ́n gba ọtí, wọ́n dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.