Ọjọ́ Tí Mo Tún Gáráàjì Bàbá Wa Tò

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, wọ́n gbé iṣẹ́ olùkọ́ mi láti Àkúrẹ́ wá sí Ìkẹ́rẹ́, ìlú wa. Ẹrù ti kún gáráàjì bàbá wa dé ẹnu ọ̀nà, mọ́tò mi kò ríbi wọ̀. Ní Sátidé kan, mo kan pákó mọ́ ògiri, mo to agolo ọ̀dà sórí rẹ̀, mo sì fi àdá àti ọkọ́ kọ́ sára ìṣó. Èyí tí mo rò pé kò wúlò mọ́, mo dáná sun ún lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti oko dé, ó rí tábìlì maṣín ìránṣọ nínú iná. Ti ìyàwó rẹ̀ tó kú ni.

"Ta ló sun ún?"

"Èmi ni, bọ̀dá. Ikán ti jẹ ẹ́."

Ó fa pákó kan yọ lára ògiri, ó là á mọ́ mi lápá, egungun dá, ìṣó ara rẹ̀ sì ya mí lára. Mo fi sípánà gbá a lẹ́nu, eyín méjì jábọ́. Ìyá wa sáré bọ́ sáàárín wa.

"Ẹ má pa ara yín sínú ulé mi."

Ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì ta sí wọn láṣọ.

Ọ̀kadà kan náà ló gbé wa lọ sọ́sípítù. Níbi tí wọ́n ti ń di apá mi, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "O ò tiẹ̀ bi mí kí o tó sun ún."

Òótọ́ ni, n kò bi í.