Ọ̀gá Edith Ti Lọ Síkì

Lọ́dún 1981, bí o bá sọ fún ọmọ Yorùbá kan ní Kaduna pé ilẹ̀ Kamazou lo fẹ́ rà, á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ níwájú orí wò, bóyá ara rẹ ń gbóná. Igbó ni Kamazou nígbà yẹn. Oko ọkà bàbà, àpáta, ewúrẹ́, ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni Edith, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn òyìnbó tó ń ṣe afárá, wá tẹjú mọ́. Yàrá méjì lòun, Richard ọkọ ẹ̀ àti Tọ́ba ọmọ wọn ń gbé ní Kinkinau, nílé tí èèyàn mọ́kànlá ti máa ń tò síwájú balùwẹ̀ kan ṣoṣo láràárọ̀, tàwọn ti ike omi lọ́wọ́. Edith ti ya ilé tiẹ̀ sẹ́yìn bébà ọ́fíìsì: yàrá mẹ́rin, fèrèsé onígíláàsì, balùwẹ̀ méjì. Méjì o.

Mọ́tò ló wà lọ́kàn Richard ní tiẹ̀. Tíṣà ni, ẹsẹ̀ ló sì fi ń lọ síléèwé. Ọ̀gá Edith fẹ́ ta Peugeot 504 tó ń gùn, èyí tó funfun bíi wàrà Fúlàní, Richard sì ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tiẹ̀ ti bá wọn nù ún lẹ́ẹ̀kan. Owó tí tọkọtaya jọ fi pamọ́ ò sì lè ra méjèèjì.

Ni gbogbo ilé bá dá sí i. Tàjúdéènì ará Ògbómọ̀ṣọ́, aládùúgbò wọn tó ń ta páàtì ọkọ̀, ní ilẹ̀ ò ní táyà, kò lè gbé èèyàn relé nígbà Kérésì. Ó ní ẹni tó bá gbé 504 wọ Mopa, ìlú Richard, àwọn tó ti gbàgbé orúkọ bàbá ẹ̀ á rántí. Moróunkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ní mọ́tò ń gbó, ilẹ̀ kì í gbó, àti pé ara mọ́tò tó ti gbó ni Tàjúdéènì fúnra ẹ̀ ti ń jẹun.

Nígbà tó yá, tọkọtaya fẹnu kò. Lọ́jọ́ Sátidé, Silas ọmọ onílẹ̀ ń bọ̀ wá fi okùn wọn ilẹ̀ ní Kamazou. Bí Richard bá rí ọ̀gá sanwó mọ́tò kó tó di aago méjì ọjọ́ náà, mọ́tò ni. Bí aago méjì ọ̀sán Sátidé bá bá owó lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ ni. Silas ò sì ní dúró kọjá aago méjì, torí ẹlòmíì ti ń fojú sí i.

Ní Wẹ́sìdeè, Edith sáré wọlé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ọ̀gá ti rìnrìn àjò! Ó ti gba ìlú wọn lọ, orí òkè kan tí yìnyín bò, wọ́n á de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ wá sísàlẹ̀, wọ́n á tún gòkè lọ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Síkì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló máa fi yọ̀.

Ọyẹ́ mú lọ́sẹ̀ náà, ètè Richard ti là, ṣúẹ́tà méjì ló wọ̀. Ó wo ìyàwó ẹ̀ títí.

“Ìyá Tọ́ba, tó ò bá fẹ́ mọ́tò, sọ pé o ò fẹ́ mọ́tò. Àgbàlagbà wo ló máa sanwó torí kó lè yọ̀ ṣubú?”

Kò gbà á gbọ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó fi owó sínú báàgì, ó kọrí sílé ọ̀gá. Àúdù tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ló bá níbẹ̀, obì sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bó ṣe máa ń kún un. Richard fi Hausa béèrè ọ̀gá.

“Ya tafi siki,” ni Àúdù wí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé “ciki” ni Hausa ń pe inú. Ohun tí Richard gbọ́ nìyẹn: ọ̀gá ti wọnú ilé lọ. Inú ẹ̀ dùn dé gongo. Irọ́ ni Edith pa! Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dojú kọ mọ́tò, ó gbé báàgì lé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Aago mẹ́wàá lù, ó ní òyìnbó ń wẹ̀. Mọ́kànlá lù, ó ní ó ń jẹun. Méjìlá lù, ó ní á jẹ́ pé ó tún ti sùn.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Edith wà ní Kamazou, ó ti ṣàlàyé ilé náà fún Silas débi pé Silas mọ àwọ̀ kọ́tìnì. Ẹnì kejì tó fẹ́ ilẹ̀ náà, Alhaji Àbdùlkàrímù, dúró lábẹ́ igi, ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀. Nígbà tí Edith ò rí ọkọ ẹ̀, ó bẹ Silas kó dúró di aago méjì, ó sì wọ takisí lọ sílé ọ̀gá.

“Bàbá Tọ́ba, ta lẹ ń dúró dè?”

“Ọ̀gá ẹ ni. Ó wà nínú ilé. Kò síbi tó lọ.”

Edith yíjú sí Àúdù. Àúdù tutọ́ obì dànù, ó ní, “Ba ciki ba, madam. Siki. Siki na kankara.” Ó ní kì í ṣe inú ilé, síkì orí yìnyín lòun wí. Ló bá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó tẹ orúnkún, ó sì fi sálúbàtà yọ̀ wọ̀ọ̀ lórí yanrìn dé ẹnu géètì. Ó ní ṣebí òun rò pé mọ́tò ni tíṣà wá wò, bó ṣe máa ń wá wò ó.

Richard wo Àúdù, ó wo mọ́tò. Ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí ó fi di bẹ́ǹṣì mú. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì fún ìyàwó ẹ̀.

“Ó yá, jẹ́ ká máa lọ.”

Takisí tó dúró de Edith ló gbé wọn, àfi bíi pé wọ́n jí i gbé. Nígbà tí wọ́n dé Kamazou, aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Silas sì ti na ẹnu okùn kan sí Alhaji. Edith sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì owó fún Silas, ó rọra gba ẹnu okùn náà lọ́wọ́ Alhaji, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Igun kìíní. Igun kejì. Ìkẹta. Eruku bo bàtà tó fi ń lọ ọ́fíìsì.

Bí wọ́n ṣe gún èèkàn igun kẹrin, Richard gbẹ́sẹ̀ kọjá okùn, ó dúró láàárín ọkà gbígbẹ, níbi tí balùwẹ̀ kejì máa wà, ó na ọwọ́ sí ìyàwó ẹ̀.

“Ìyá Tọ́ba,” ó ní, “wá, wọ síkì.”