Kọ̀ǹpútà Mojísọ́lá àti Ìdákẹ́ Àwọn Ará Tchaada

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dúró, ṣùgbọ́n ká ní ọwọ́ Mojísọ́lá ń lọ ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré tó gbé ka orí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì Tchaada ń kọ orin ìkórè lọ, ó dé ìlà kẹta, ó sì há, bí ẹni tó gbé itọ́ mì láàrin ọ̀rọ̀. Mojísọ́lá, tó ń fi ọwọ́ darí àwọn obìnrin akọrin ibẹ̀, gbé ọwọ́ dúró lókè, ó ń retí kí ẹ̀rọ tún gbéra. Ẹ̀rọ gbéra, ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, orin sì ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n tún un kọ, ó há níbẹ̀ náà, ọwọ́ sì tún dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ìdánrawò fi parí. Mojísọ́lá rò pé kò sẹ́ni tó fiyè sí i. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Akọrin kì í wo ẹ̀rọ. Ọwọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀ ló ń wò.

Àwọn kan máa ń sọ pé olùkọ́ ni Mojísọ́lá Ògúndípẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́. Akọ̀wé ni ní ilé ìwòsàn Ifangni, òun ló ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ rí nọ́ọ̀sì. Banigbé ni wọ́n bí i sí, sínú ilé olóko ọ̀pẹ. Ọ̀dọ̀ ajíhìnrere àgbàlagbà kan níbẹ̀ ló ti kọ́ dò-ré-mí, ọkùnrin kan tó máa ń fi ìka lu tábìlì gbàgbàgbà bí ọmọ bá ṣi ohùn mú. Nígbà tí ẹni tó ń darí akọrin ìjọ wọn kó lọ sí Kùtọnú, òun ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin kan, mẹ́rin ni: ti Ifangni, ti Banigbé, ti Tchaada àti ti Ko-Koumolou. Ọ̀nà wọn jìn síra, iṣẹ́ oko kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè, nítorí náà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ orin nílé tirẹ̀. Wọn kì í pàdé àfi lọ́jọ́ ìkórè gan-an, nígbà tí gbogbo wọn bá péjọ sí Ifangni láti jọ kọ orin kan ṣoṣo.

Lọ́dún tó ṣáájú, ìpàdé náà kò dára. Ko-Koumolou ti parí orin, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń nu òógùn, Ifangni ṣì wà ní ẹsẹ tó kẹ́yìn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nínú ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ Olúwaṣọ̀gá, tó ń bójú tó ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pe Mojísọ́lá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Arábìnrin, ẹ jẹ́ ká fi orin sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Àwọn ará oko lè máa bá wa pàtẹ́wọ́."

"Ẹ fún mi ní ìkórè kan sí i, Pásítọ̀."

"Ẹyọ kan. Bó bá tún dàrú, ẹgbẹ́ Ifangni nìkan ni yóò máa dìde lọ́jọ́ ìkórè. Ẹ sì mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀rọ̀ "pàtẹ́wọ́" yẹn ló dun Mojísọ́lá jù, kò sì pẹ́ tó fi dé etí ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń kọrin ní Banigbé títí di òní. Ó pinnu pé ìyá òun kò ní jókòó sẹ́yìn máa pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìpinnu yìí ló gbé e dé ọjà Ìgólò, níbi tó ti ra kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó àlòkù wá láti òdìkejì ààlà. Tábílẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ìjọ ń pè é. Kì í ṣe tábílẹ́ẹ̀tì. Ó ní bọ́tìnnì, ó sì ní ìdérí. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwé orin ńlá lọ. Bọ́tìnnì rẹ̀ tẹ̀lé ti àwọn ará Nàìjíríà, àwọn lẹ́tà kò sí níbi tí ilé ẹ̀kọ́ Faransé ti kọ́ ìka rẹ̀ láti wá wọn, ó sì gé bébà pélébé-pélébé lẹ̀ mọ́ wọn. Níbi iṣẹ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Mojí, ṣé ti ọmọ rẹ lo gbé wá? Ra gidi!" Ẹni tí kò bá tíì gun zémidjan lọ sí Ko-Koumolou lẹ́yìn òjò, kí ọwọ́ kan di awakọ̀ alùpùpù mú, kí èkejì di báàgì mú, kò mọ ohun tí ẹ̀rọ tó fúyẹ́ jẹ́. Bátìrì rẹ̀ sì ń gba gbogbo ìdánrawò kan já, nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní iná.

Mojísọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ orin ìkórè ọdún náà. Ó fi àwọn ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti obìnrin, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ọkùnrin, kí ẹ̀rọ lè máa kọ ọ́ fún wọn ní ìwọ̀n eré kan náà níbi gbogbo. Nígbà tó kọ́ Banigbé àti Ko-Koumolou, ohùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń lọ geere. Tchaada ló tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nígbà tó dé Ifangni, kò kọrin mọ́ rárá.

Ó gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ Fadel, ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá títì.

"Tántì, ẹ ta èyí," ni Fadel wí, kò tíì wò ó dáadáa. "Ẹ wo èyí tí mo ní níbí, ó rẹwà, ojú rẹ̀ fẹ̀."

Mojísọ́lá gbé èyí tó fẹ̀ náà, ó tì í sínú báàgì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà yọ orí síta.

"Òjò á pa á."

"Ẹ ra báàgì mìíràn."

"Fadel, n kò wá ra báàgì lọ́wọ́ rẹ. Ṣí tèmi."

"Bon. Ẹ gbọ́, Tántì. Irú èyí, wọ́n ti lẹ gbogbo inú rẹ̀ pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ fi nǹkan kún."

"O ti ṣí i rí?"

"Mo ti ṣí irú rẹ̀."

"Kì í ṣe irú rẹ̀ ni mo gbé wá. Òun gan-an ni mo gbé wá."

Fadel rẹ́rìn-ín, ó tú àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ìdérí abẹ́ rẹ̀ kúrò, ó sì súfèé. Àyè kan ṣófo níbẹ̀, tóóró, tó ń dúró de nǹkan.

"Voilà! Ẹ̀yin lẹ jàre mi. Ráàmù máa wọ ibí yìí."

Ó ṣàlàyé fún un pé ráàmù ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó bá ń ṣe lọ́wọ́ sí, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ́ ẹní. Ẹní tiẹ̀ kéré, ohùn mẹ́rin kò rí ibi jókòó sí. Ó fi òmíràn kún un. Ó tún yọ dísìkì àtijọ́ tó ń yí nínú rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ń pa iṣẹ́ mọ́ sí, kúrò, ó fi èyí tí kì í yí sí i, kí ìgbọ̀nrìrì alùpùpù má baà ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mojísọ́lá kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò há níbì kankan.

"Orin yín nìyí?" ni Fadel bi í, orí rẹ̀ ń mì. "Èmi Mùsùlùmí gan-an, ó wọ̀ mí létí."

"Wá sí ìkórè."

"Háà, Tántì, ẹ fi mí sílẹ̀ o!"

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Mojísọ́lá gbé ẹ̀rọ dé Tchaada pẹ̀lú ayọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, orin bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin náà gbé e. Wọ́n dé ìlà kẹta, "Ohun tí ọwọ́ wa kó dé ilé," gbogbo wọn sì panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ nìkan ló ń lọ: "ọpẹ́ ni, ọpẹ́ ni." Nígbà tí àwọn obìnrin fi máa wọlé padà, ó ti jìnnà sí wọn.

Màmá Thérèse, tó ń fún epo ní Tchaada, tó sì jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin náà, mi orí.

"Mojí, wọ́n ti ba ẹ̀rọ rẹ jẹ́ ní Àjàṣẹ́."

"Wọ́n tún un ṣe ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Kò mọ ibi tó yẹ kó dúró mọ́. Tẹ́lẹ̀ ó mọ̀ ọ́n."

"Àbí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un ni?" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Kò síbi tó yẹ kó dúró, Màmá. Tààrà ni orin náà ń lọ."

"Èwo ni tààrà? Ṣebí ọwọ́ rẹ ló dúró. O gbé e sókè báyìí." Màmá Thérèse gbé apá sókè, ìka rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí Mojísọ́lá ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́. "O wò wá, àwa náà wò ọ́, a wá dúpẹ́. Ṣé mo purọ́?"

Kò purọ́. Mojísọ́lá pa ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn kọ́. Ó kọ ìlà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lu àga, ó pín wọn sí méjì, ó tún pín wọn sí mẹ́rin. Asán ni. Bí wọ́n bá ti dé "ilé," ẹnu á pa dé. Obìnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ẹnu òun ló ń dá pa ara rẹ̀ dé.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi," ni Màmá Thérèse wí níkẹyìn. "Bí mo bá ru ẹyìn dé láti oko, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ ná, kí n mí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ pé Ọlọ́run, o ṣé. Ṣé kí n máa dúpẹ́ nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí mi? Ibi tó o dúró yẹn ló dùn jù nínú orin rẹ."

Mojísọ́lá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé. Ìkórè ti ń sún mọ́ tòsí. Bí Tchaada bá dúró tí àwọn mẹ́ta yòókù kò dúró, yóò dàrú ju ti èṣí lọ, Pásítọ̀ yóò sì rí ohun tó ń wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ sí ìsìn, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ìdákẹ́ sí ìlà kẹta nínú ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọrin, ó dákẹ́ ní ìwọ̀n èémí kan, gbogbo ohùn sì wọlé pọ̀. Mojísọ́lá tún un gbọ́. Bí òun kò bá lè gba ìdákẹ́ náà lọ́wọ́ Tchaada, òun yóò gbé e kárí.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ṣíwọ́ níbi iṣẹ́, alùpùpù ló ń gùn. Banigbé gbà kíákíá, nítorí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní ọ̀nà Ko-Koumolou òjò ká a mọ́, ó wọ aṣọ òjò lé báàgì náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ẹ̀rọ kò rí ẹ̀kán omi kan. Àwọn ọkùnrin Ko-Koumolou ló le jù. Àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ wọn máa ń já gba inú ìdákẹ́ náà kọjá bí ẹran tó já okùn. Ó ní kí wọ́n máa fi ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Ó tún wọn kọ́ títí ohùn òun fúnra rẹ̀ fi há.

Ní Ifangni, wọ́n kùn.

"Àbí àwa la ó wá máa kọ àlébù ẹ̀rọ?"

"Àlébù ẹ̀rọ ti kúrò ní Àjàṣẹ́," ni Mojísọ́lá fèsì. "Èyí tó kù, tiwa ni. Ẹ dìde."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Pásítọ̀, ó sì wá bá a ní ilé ìwòsàn, láàrin àwọn tó ń dúró de nọ́ọ̀sì.

"Arábìnrin, mo gbọ́ pé ẹ ti yí orin padà nítorí àwọn tí kò lè kọ ọ́."

"Wọ́n lè kọ ọ́, Pásítọ̀. Wọ́n kọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ wọn."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ yí i padà?"

"Èmi. Èmi náà ni mo kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá yìí ló kàn, ẹ jẹ́ kí n gba orúkọ wọn."

Ọjọ́ ìkórè pé. Ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde pọ̀. Mojísọ́lá kò gbé kọ̀ǹpútà wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló gbé sókè. Ẹsẹ kìíní lọ dáadáa. Wọ́n dé ìlà kẹta, "Ohun tí ọwọ́ wa kó dé ilé," ọwọ́ rẹ̀ dúró, gbogbo akọrin dákẹ́, ti Tchaada, ti Banigbé, ti Ifangni, títí kan àwọn ọkùnrin Ko-Koumolou. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́ náà ni ohùn kan ṣoṣo ti kígbe láti orí pẹpẹ: "Ọpẹ́ ni!"

Pásítọ̀ Olúwaṣọ̀gá ni, tó ti ń bá wọn kọ ọ́ lọ tààrà, tí kò mọ ibi tí wọ́n yí padà.

Ẹ̀rín fẹ́ bẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Mojísọ́lá ti sọ̀ kalẹ̀, ohùn mẹ́rin sì wọlé bí ohùn kan, wọ́n bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ní ẹsẹ kejì, Pásítọ̀ dúró níbi tí wọ́n dúró. Ní ẹsẹ kẹta, gbogbo ìjọ bá wọn dúró.

Lẹ́yìn ìsìn, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin Tchaada.

"Pásítọ̀," ni Màmá Thérèse wí, "bó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹ máa bá wa pàtẹ́wọ́."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. Ó yíjú sí Mojísọ́lá. "Bó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá kọ́ èmi náà." Kò sì tún dárúkọ ẹgbẹ́ Ifangni nìkan mọ́.

Iṣẹ́ ti gbé Mojísọ́lá Ògúndípẹ̀ kúrò ní Ifangni láti ìgbà náà. Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn, Pobè ló wà, ó ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, ó sì ń gbé ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Kétu.