Ọjọ́ Tí Àwa Ẹlẹ́ṣin Tó Sanra Jókòó Sílẹ̀ ní Old Garage

Ogun abẹ́lé ti parí, àwọn sójà ló wà lórí oyè, wọ́n sì ti fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò sẹ́ni tó ń dìbò láyìíká wa nígbà yẹn, àfi àwa ẹlẹ́ṣin. Bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá bi mí nípa ìjàkadì tí mo ti ṣe, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ garáàjì lẹ máa ń bèèrè, torí pé èmi ni akọ̀wé wọn fún ọdún púpọ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ ò gbọ́ ọ rí. Mi ò kì í fẹ́ sọ ọ́, nítorí inú mi kò mọ́ nígbà tí mo ṣe é.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, àwa mẹ́tàdínlógún la máa ń gun ẹṣin láti Old Garage ní Òṣogbo, a ó gba Ìbòkun kọjá, a ó sì parí rẹ̀ ní Iléṣà. Kì í ṣe eré sísá nìkan. Bí ẹṣin bá dé, dókítà ẹranko á gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, á sì yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹṣin tó bá ń tiro, tàbí tí èémí rẹ̀ kò bá tètè balẹ̀, ẹni tó gùn ún ti pàdánù, ì báà jẹ́ òun ló kọ́kọ́ dé.

Làmídì, aránṣọ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló gba ipò kìíní lọ́dún mẹ́ta léraléra. Ilé-kéwú kan náà la jọ lọ. Ó tín-ín-rín gan-an. Èmi ní tèmi sanra. Àpò kòkó ni mo ń gbé sínú ọkọ̀ kí n tó di akọ̀wé, oúnjẹ mi ò sì kéré. Ọdọọdún ni ẹṣin mi ń dé Iléṣà tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo jowú Làmídì débi pé bí wọ́n bá ń pariwo orúkọ rẹ̀, n ó tẹrí ba bí ẹni tó ń tún gàárì ṣe. Ìyàwó mi gan-an wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ ò rí bó ṣe jókòó, àfi bí ẹni pé ẹṣin ò mọ̀ pé ó wà lórí òun." Mi ò bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ìgbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Mo ní kò dáa kí ẹni tó fúyẹ́ àti ẹni tó wúwo jọ máa díje. Kí wọ́n pín wa sí ọ̀nà méjì. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, mo sì gbà pé ó tọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ká ní ẹlòmíràn ló ń gba ipò kìíní ni, mi ò rò pé ǹ bá ronú kàn án. Igbákejì alága ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin wa, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, wò mí lójú nípàdé, ó sì fi èdè Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Ùlara ni, Rájí. Ùlara lásán!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ní wọ́n ti sọ ẹ̀tọ́ ẹni tó sanra di ẹ̀fẹ̀. Mi ò jẹ́wọ́ pé òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, bí Alàájì tó jẹ́ alága wa ṣe gbé fèrè sẹ́nu, àwa mẹ́jọ tó sanra bọ́ sílẹ̀, a jókòó sí àárín títì, ìjánu lọ́wọ́. Mo gbé pátákó kan dání, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: Ẹ WỌ̀N WÁ KÍ A TÓ GẸṢIN. Àwọn awakọ̀ tó fẹ́ kọjá ń pariwo lé wa lórí.

"Rájí, ṣé o rò pé garáàjì lo wà ni?" Alàájì ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Alàájì, garáàjì kúkú la wà."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Alàájì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará Iléṣà ti ń dúró dè wá."

"A ò ní í dìde, sà. Ẹ pín wa, tàbí kí ẹ máa lọ láìsí àwa."

Bẹ́ẹ̀ la wà títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Làmídì ló sọ̀ kalẹ̀ látorí ẹṣin rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dìbò."

Alàájì gbà. Ó ní kí ẹlẹ́ṣin tó bá fẹ́ kí a pín wa bọ́ sápá ọ̀tún títì, kí ẹni tí kò fẹ́ bọ́ sápá òsì. Àwa mẹ́jọ lọ sọ́tùn-ún. Àwọn mẹ́sàn-án tó fúyẹ́ dúró sósì. Mo ti ka iye wa tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé a ó pàdánù, inú mi tilẹ̀ ń dùn díẹ̀, torí n ó máa sọ ọ́ kiri títí ọdún yóò fi yí po pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Làmídì wá fa ẹṣin rẹ̀ kọjá títì, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A di mẹ́sàn-án, àwọn yẹn ku mẹ́jọ.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni mo bi í.

"O ní kò dọ́gba. Èmi náà fẹ́ kó dọ́gba."

Àwọn èèyàn mi gbé e sókè, wọ́n ń jó. Èmi ni mo kó wọn jókòó sínú oòrùn, Làmídì ni wọ́n ń gbé. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ìsọ̀ àwọn tó ń ra kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ garáàjì la ti gorí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá wúwo ju àpò kòkó kan lọ, a kà á mọ́ àwọn tó wúwo. Ẹni tí kò bá tó o, a kà á mọ́ àwọn tó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà la gbéra. Làmídì ló tún gba ipò kìíní láàárín àwọn tirẹ̀. Láàárín àwa tó wúwo, Bùsárì alápatà ló gbà á, ẹni tó wúwo ju èmi gan-an lọ. Ẹṣin rẹ̀ ń mí jẹ́jẹ́ nígbà tó dé. Ipò keje ni èmi wà nínú àwa mẹ́jọ, ẹṣin ẹni kẹjọ ló yarọ lọ́nà.

Mo jókòó síbì kan ní Iléṣà, n kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Làmídì gbé omi wá fún ẹṣin mi.

"Rájí, ṣé kí n sọ ọ́?"

"Sọ ọ́."

"Òkè tó wà ká tó dé Ìbòkun yẹn, mo máa ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, n ó fẹsẹ̀ gùn ún pẹ̀lú ẹṣin mi. Bùsárì náà máa ń bọ́ sílẹ̀. Ìwọ kì í bọ́ sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Àwọn èèyàn máa ń jáde wá wòran lórí òkè yẹn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀.

"O ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta, o ò sì sọ fún mi."

"O ò bi mí. O kì í tilẹ̀ dúró níbi tí mo bá wà."

Òfin tí a jà fún kò yí padà títí ìdíje náà fi parẹ́. Àwọn ọkùnrin abara-ńlá tí kò ní í dá a láṣà tẹ́lẹ̀ wá ra ẹṣin, wọ́n bá wa gùn ún. Ohun tí a rí gbà nìyẹn, kò sì kéré. Làmídì ni èmi pàdánù. A ò jà, ṣùgbọ́n mi ò yà sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, aránṣọ mìíràn ló ń rán aṣọ mi. Mi ò dúpẹ́ ìbò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tó kú, wọ́n ní kí èmi tí a jọ kéwú sọ̀rọ̀ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo sọ bó ṣe mọ aṣọ rán, mo sọ bó ṣe mọ ẹṣin gùn. Mi ò sọ ti ìbò náà, torí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò tún yìn ín sí i. Mo ti rò pé ikú rẹ̀ yóò bá mi mú owú náà kúrò lọ́kàn. Kò mú un kúrò. Ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ ni mo ṣì ń jowú.