Ìyá Tí A Dá Padà Sílé

Yàrá kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Ajégúnlẹ̀ tí àwa obìnrin alásàlátù yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ìrìn-àjò há mọ́. Èmi ni mo ń dáná níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n jà lólè ní èbúté, ẹni tí lánlọ́ọ̀dù kó ẹrù rẹ̀ síta, gbogbo wọn la ń gbà. Tí wọ́n bá ti jẹun tí wọ́n sinmi, alága wa á bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n, a ó wá ọkọ̀ ìlú wọn, a ó fà wọ́n lé dírẹ́bà lọ́wọ́ kí wọ́n máa relé. Ọ̀pọ̀ èèyàn la ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún wa.

Ìyá àgbà kan wà tí n ò lè gbàgbé. Creek Road la ti rí wọn, lẹ́nu géètì ọgbà tí àwọn tírélà ń páàkì sí. Wọ́n ti wó ilé tí ìyá ń gbé ní Ìjọra. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló ń wa tírélà, ó sì ti gbé ẹrù lọ sí òkè Ọya kí wọ́n tó wó ilé náà. Fóònù ìyá sọnù sábẹ́ àwókù. Ọgbà yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà á padà sí, ni wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn àti òjò.

A mú wọn wálé. Èmi ni mo ń po ògì fún wọn. Wọ́n á ní kí n jẹ́ kó ṣàn dáadáa, pé eyín ti kó ẹrù lọ, a ó wá jọ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn wọn gan-an.

Nígbà tí alága bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n, wọ́n ní ọmọ Ìsẹ́yìn. Kí ni kí wọ́n sọ? Yorùbá wo lẹ máa bi nírú ìbéèrè yẹn tí kò ní dárúkọ ìlú baba rẹ̀? Mo rán alága létí pé ìyá ń dúró de ọmọ. Ó ní kò sí ìyá tí Èkó há mọ́ tí kì í sọ pé ọmọ òun ń bọ̀, pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ dàgbà ni, àmọ́ tó bá ti pòwe báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ìyá ò jiyàn. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ olóore, ẹnu rẹ̀ kì í le. Wọ́n ń ṣàdúrà fún wa títí ọkọ̀ Ìsẹ́yìn fi gbéra, ṣùgbọ́n wọn ò wojú mi.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi dé. Ọlọ́dẹ ọgbà ló júwe wa fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní kó fọkàn balẹ̀, a ti dá màmá padà sílé.

Ó dìde. "Ilé ta ni, mà?"

"Ilé baba wọn, ní Ìsẹ́yìn."

"Ìjọra ni wọ́n bí màmá mi sí," ló wí. "Wọn ò dé Ìsẹ́yìn rí."

Inú bí mi gan-an. Òwe! Ṣé òwe ni òrùlé tí èèyàn lè sùn sábẹ́ rẹ̀ ni?

Ọmọ náà gba Ìsẹ́yìn lọ. Àwọn ará gáréèjì rántí ìyá. Wọ́n ní ìyá ń bèèrè agbo ilé baba wọn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó sú ìyá, wọ́n bẹ dírẹ́bà kan tó ń bọ̀ l'Ékòó pé kó já wọn sí Ìjọra. Àwa náà lọ sí Ìjọra. Wọ́n ti fi páànù yí ilẹ̀ tí wọ́n wó ká, a ò rí ìyá, a ò rí ẹni tó rí wọn.

Ọmọ náà ṣì ń wá wọn. Tó bá ti gbé tírélà dé èbúté Tin Can, ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi, á sì bi mí pé kí ni màmá òun sọ nípa òun nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa. Òótọ́ ni mo ń sọ fún un. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa pé ó ń bọ̀.