Ìyàwó Tí Mo Bá Wọn Gbà Nígbà Kòrónà

Télọ̀ ni mí ní Èjìgbò. Ọdún mẹ́ta kí Kòrónà tó dé ni èmi àti ìyàwó mi parí yàrá mẹ́rin tí a kọ́ sẹ́yìn ilé wa, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n gba àlejò tó bá fẹ́ sanwó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ ìdí rẹ̀. Agbo ilé tí kò ní ẹni ní Àbíjàn kò pọ̀ rárá. Bí àwọn wọ̀nyí bá sì wálé fún Iléyá tàbí ìgbéyàwó, agbo ilé kì í gbà wọ́n mọ́. Àwọn ọmọ wọn kò lè sùn láìsí fáànù, àwọn ìyàwó wọn kò lè wẹ̀ ní balùwẹ̀ ìta. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń dé sí. Wọ́n á pè láti ọ̀hún, wọ́n á san àsansílẹ̀, àwa á sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè wọ́n.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn èèyàn ti gba yàrá wa títí kọjá Iléyá. Mo fi àsansílẹ̀ wọn kun ilé, mo ra táńkì omi tuntun, mo sì pààrọ̀ fóòmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó mi ní kí n fi díẹ̀ pamọ́. Mo ní nítorí kí ni.

Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa, fóònù mi kò sinmi mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ń sọ pé òun kò wá mọ́. Wọ́n á béèrè àlàáfíà, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á wá béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá ti gbọ́ òjò báyìí, mo ti mọ̀ pé àsansílẹ̀ ló kàn. Obìnrin kan tó fẹ́ wá sọ ọmọ lórúkọ ní ọmọ náà ti gba orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, pé kí n ṣe àmín, kí n sì fi owó òun ránṣẹ́. Bàbá kan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ikọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìyàwó mi ní kí n gbé fóònù náà jìnnà sí òun.

Mo bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí owó náà wà níbẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi ṣí. Àwọn kan gbà. Àwọn kan bá mi wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàdúrà.

Ti ìdílé kan ló wá yàtọ̀. Ọmọkùnrin ìdílé náà ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àbíjàn, ó sì fẹ́ fẹ́ ọmọ tí mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa bí. Ìyá rẹ̀ ti gba yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ìgbéyàwó náà. Nígbà tó pè mí, kò béèrè òjò.

"Tọ́ntọ̀n," ni ó wí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin lọ́hùn-ún, "a ò lè wá mọ́. Ẹ bá wa dá owó wa padà."

"Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó náà ti di ọ̀dà lára ògiri."

"Ọ̀dà aláwọ̀ wo?"

"Àwọ̀ ewé."

"Ó dáa. Mo máa pè yín padà."

Ọjọ́ kejì ló pè. Ó ní bàbá ọmọbìnrin náà kò fẹ́ sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú, àáfà sì ti sọ fún wọn pé a lè so yìgì láìsí ọkọ níbẹ̀, bí ó bá ti yan aṣojú. Àwọn ẹbí ọkọ tó kù nílé, Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n wà, ara wọn sì ti di ti àgbà, ọ̀kadà kò lè máa gbé wọn gba inú igbó sá fún ọlọ́pàá.

"Pálọ̀ yín ni kí wọ́n ti so ó," ni ó wí. "Ẹ̀yin náà ni kí ẹ sì ṣojú ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ ti gbowó wa."

Mo ní kò burú.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, a kò ju mẹ́wàá lọ ní pálọ̀. Olúkúlùkù wọ ìbòmú tí mo fi àjákù àǹkárá rán. A gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì kí ọkọ lè máa wò wá. Àáfà ti kọ́ mi ní ohun tí n ó wí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti kà á fún ìyàwó mi ní kíṣìnì láìṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ọmọ sọ tirẹ̀ tán, tí gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, mo tún fìlà mi ṣe.

Mo ní, "Mo gba ọmọbìnrin yìí ní ìyàwó."

"Fún ta ni?" ni àáfà bi mí.

Ọ̀rọ̀ tó kù ti fò lọ. Inú fóònù ni ọkọ ti ń pariwo: "Fún èmi ni, tọ́ntọ̀n, fún èmi ni."

Ìyàwó mi tó jókòó létí ilẹ̀kùn wúkọ́. Gbogbo èèyàn sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rín ló fa ikọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà sí àyè rẹ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mo fi orúkọ ọkọ sí i dáadáa, àáfà sì ṣàdúrà. Àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé gbọ́ ti àkọ́kọ́. Wọn kò dúró gbọ́ ìkejì.

Bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni ìyá ọkọ tún pè. Ó ní ọmọ náà ti di ìyàwó wọn, kò yẹ kó tún sùn nílé bàbá rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí àwọn ti sanwó rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà mi tòun ti àpótí àti ìkòkò. Ìyàwó mi bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ ló yẹ kó ṣe é, àmọ́ òun lòun wà nítòsí. Gbogbo àwọn tó wà ní òdìkejì títì ló rí i.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń kí mi kú oríire. Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní òun kò mọ̀ pé mo ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí mo ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ fi páálí òwú kan ta mí lọ́rẹ, ó ní ẹrù mi ti wúwo sí i. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Mo sì gba òwú náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dé láti ìlú Ara. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n, wọn kì í kúrò lóko láìnídìí. Orí ọ̀kadà ni wọ́n bá dé, eruku bò wọ́n, ìbòmú wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn kò dáhùn dáadáa. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọbìnrin náà jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wá kọjú sí àbúrò wọn. "Ṣé ó fi tó ọ létí?"

Ìyàwó mi fẹ́ràn eré. "Ó fi tó mi létí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wà níbẹ̀."

"O wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mo se ìrẹsì."

Àga ni wọ́n ń wá kiri nígbà yẹn. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní inú ìdílé àwọn kò sẹ́ni tó tíì ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rí, àti pé bóyá àìsàn tuntun yìí ló ń mú un lórí. Mo ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, wọ́n ń fọwọ́ dá mi dúró. Fóònù ọmọbìnrin náà ló gbà mí. Ọkọ rẹ̀ ló pè, ojú rẹ̀ hàn gbangba, ó sì ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ìyàwó mi gba fóònù náà, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọkọ rẹ̀ rèé. Ẹ kí i."

Wọ́n kí ara wọn títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi béèrè bóyá ìrẹsì náà kù. Wọ́n gba ìbòmú méje lọ fún àwọn ará ilé wọn, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé eré báyìí lè pa àgbà.

Oṣù dé sórí oṣù, ọmọbìnrin náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Yàrá mẹ́ta tó kù ṣófo, àfi aláǹgbá. Ó kọ́ láti máa bá mi rán ìbòmú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Ìrọ̀lẹ́ kan, mo gbọ́ tó ń sunkún sí ìyàwó mi lọ́rùn ní fàráńdà. Ó ní láti Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn lòun ti rí ọkọ òun kẹ́yìn, ojú rẹ̀ nìkan ni fóònù ń fi han òun, òun ti ń gbàgbé bí ó ṣe ga tó.

"Ó ga ju ọkọ tèmi lọ," ni ìyàwó mi wí. "Ìyẹn kò sì le."

Mo rọra padà sídìí maṣíìnì mi.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ọkọ rẹ̀ dé. Ó ga lóòótọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbọọrọ nínú pálọ̀ náà, ọmọbìnrin náà sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè jáde, bí ẹni tí wọn kò tíì fi hàn án rí. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ ká lọ wo táńkì omi. Kò sóhun tó ṣe táńkì náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àáfà ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin kan wà ní Gàbọ́ọ̀nù tí kò tíì rí ọ̀nà wálé, ó ń wá ẹni tí yóò ṣojú òun. Kí n tó la ẹnu, ìyàwó mi ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó kí àáfà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè ará ilé, ó wá sọ fún àáfà pé yàrá wà fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á, àmọ́ ọkọ òun kò ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́.