Omi Pupa Nínú Ìléru Oníke

“Má da omi bíìtì yẹn nù o, Motria. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, apá òsì ló kàn.”

Ohùn Ustym ọkọ rẹ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń wọ bàtà. Inú bọ́ọ̀sì ló kú sí, kò dé ibi iṣẹ́ rárá.

Àpótí oníke tó mọ́ gaara ló ṣẹ́kù lórí tábìlì ìdáná. Ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin létí odò Dnipro ni Ustym fi ṣe àwòṣe, tó sọ di ohun tí kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Iná ń jẹ bíríkì ìléru gidi náà ní igun òsì, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un mọ. Ta ló lè wojú iná yẹn kó mọ ibi tó ń gbà? Ni Ustym bá ní omi lòun máa wò. Omi ẹ̀rọ á máa gba inú àpótí kọjá bí afẹ́fẹ́, omi bíìtì, gbòǹgbò pupa tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, á máa gba ojú ihò tó lu sápá ọ̀tún wọlé bí iná. Ibi tí pupa bá forí sọ, ibẹ̀ ni ooru ń lù. Á wá jókòó ti ìṣirò rẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi tutù.

Motria ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò ṣeé dá ṣe. Òun ló ń gun àga, tó ń rọ omi pupa sínú àrọ tó já sí ihò náà lókè, níbi tí kò ti lè rí nǹkan kan. Ustym á kúnlẹ̀, á fi imú kan ike, á máa sọ ọ́ fún un: “Rọra. Ó ń yí. Ó ti yí, ìyàwó mi.” Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Motria ò fojú ara rẹ̀ rí i kó yí rí.

Zakhar, ọ̀dọ́ tó bá Ustym ṣiṣẹ́, wá kí i lọ́jọ́ Ẹtì. “Màmá, a máa wá gbé àpótí náà lọ́jọ́ Ajé. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí báyìí, ṣùgbọ́n a máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa.”

“Ṣé kọ̀ǹpútà náà ń mu omi bíìtì ni?”

Zakhar rẹ́rìn-ín, ó sì wolẹ̀.

Motria fẹ́ rí bó ṣe ń yí kí wọ́n tó gbé àpótí náà lọ. Ó dá a gbìyànjú: ó rọ ọ́, ó yára sọ̀ kalẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ tó tẹ̀, gbogbo omi ti pọ́n bákan náà. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ló bá lọ kan ilẹ̀kùn Horpyna, aládùúgbò rẹ̀.

“Àpótí lo wá ní kí n máa bu ọbẹ̀ fún?”

“Gun orí àga, kó o rọra. Má dà á bí omi ìfọṣọ.”

“Ọkọ ẹ mà fara dà á o.”

Horpyna rọ ọ́. Motria fi imú kan ike. Pupa náà wọlé láti ihò apá ọ̀tún, ó nà gbọọrọ lórí ilẹ̀, ó forí sọ ògiri, ó gòkè, ó wá rọra padà lábẹ́ òrùlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

“Ó ń yí,” ni Motria wí.

“Kí ló ń yí?” Horpyna bi í láti orí àga.

Motria ò gbé imú kúrò lára ike. Horpyna sọ̀ kalẹ̀, ó ní ọbẹ̀ ọkọ òun wà lórí iná, ó sì lọ.

Motria wá fi orúnkún wọ́ lọ sápá òsì. Ibẹ̀ mọ́ gaara. Ìka rẹ̀ kan àmì róbótó tí Ustym fi pẹ́ńsù yí sára ike, níbi tó fẹ́ lu ihò kejì sí. Ó mú dírìlì tí ọkọ rẹ̀ fi ń lu ihò jáde, ó gbé ẹnu rẹ̀ lé àmì náà. Tí ike bá sán, kò sí òmíràn. Ó gbé dírìlì náà padà.

Omi bíìtì ṣì kù nínú ìkòkò. Ihò apá òsì, kò sẹ́ni tó tíì lù ú.